Ojú Ìbíyẹ Nínú Dígí Ẹnubodè

Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló di ẹ̀yìn dígí ẹnubodè mú. Àwẹ̀ró fi sípánà tú márùn-ún, ó tò wọ́n sórí aṣọ funfun bí wọ́n ṣe ń jáde, kí ó má baà fi ti òkè sí ti ìsàlẹ̀ nígbà tó bá ń dá wọn padà. Ẹ̀kẹfà ti dípẹtà. Ó kán òróró díẹ̀ sí i, ó sì jókòó tì í. Nọ́ọ̀tì tó dípẹtà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ agbára, àfi ọ̀rọ̀ sùúrù.

"Ìyá Dígí, ṣé ẹ ti sùn lọ ni?" Láṣebìkan ló pariwo láti ìdí tábìlì rẹ̀. Òun ni olórí ẹnubodè, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn nígbà ooru àti nígbà ọyẹ́. "Aago méje ààbọ̀ ti kọjá o. Ọ̀sán gangan ni àwọn èèyàn máa tò. Bí dígí ò bá ríran, kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ̀kọ lónìí."

"Ẹ jẹ́ kí òróró ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀gá."

"Ó dáa. Bí ebi bá pa ìlú, a ó fún wọn ní òróró mu."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Dígí náà ga tó ilẹ̀kùn, ó sì dúró sí àárín ilé àwọn èèyàn Òkè-Ààbò àti gbọ̀ngàn tí gbogbo wọn ti ń jẹun. Lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, olúkúlùkù máa ń fi ojú hàn án. Bí iná funfun bá tàn, ojú mọ́. Bí iná àwọ̀ ewé bá tàn, irorẹ́ lásán ni, kí onítọ̀hún kọjá kó lọ gba abọ́ rẹ̀. Bí iná pupa bá tàn, dígí ti rí èèwọ̀ ara: ara onítọ̀hún kọ oúnjẹ ìlú. Ẹni tí iná pupa bá tàn fún nígbà mẹ́ta, ilẹ̀kùn ìta ló kù tí wọ́n máa ṣí fún un, kó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀-Eruku, inú àfonífojì.

Ìgbà méjì ni iná pupa ti tàn fún Málọmọ́.

Ọmọbìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹrù rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó ti fa ìbòmú rẹ̀ wálẹ̀ sí ọrùn, ó sì fi aṣọ òfì àtijọ́ kan bo imú àti ẹnu. Ó sín. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu imú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó tún sín. Àwẹ̀ró ti ka mẹ́jọ láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ó máa ń ka nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ iṣẹ́ dígí láìsí ọ̀gá kankan.

"Ìyá," ni Málọmọ́ wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ẹ kàn yí i díẹ̀. Kó máa pe tèmi ní irorẹ́. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣe é."

Àwẹ̀ró wo ọ̀dọ̀ Láṣebìkan. Ìwé ni ó ń wò.

"Mo lè yí i. Kò gbà ju ìka kan lọ. Bàbá Òjélàdé yí tiẹ̀ ní Ẹnubodè Kejì nítorí ọmọ rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Málọmọ́ tẹrí ba. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, èèyàn méjì kú sórí àga ìjẹun, ọ̀fun wọn wú, ṣíbí wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀kọ tí wọ́n ń fi ọbẹ̀dò, ewé tó ń hù sójú omi táńkì, rò ni oúnjẹ ìlú, kò sí òmíràn. Ara àwọn méjèèjì kọ̀ ọ́, dígí Òjélàdé sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ ẹ́.

"Ìkòkò kan ṣoṣo la ní," ni Àwẹ̀ró wí. "Mi ò lè fi ọmọ ẹlòmíràn ra tèmi."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Màá wò ó bóyá dígí ló ṣì í."

Nọ́ọ̀tì kẹfà gbà. Láṣebìkan dìde, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó bá a gbé pátákó ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Inú dígí náà mọ́ tónítóní, wáyà tò lọ bí irun tí wọ́n di. Láàárín wọn ni pẹlẹbẹ gíláàsì méjì wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Aṣọ dúdú bo ti ọwọ́ òsì.

Àwọn pẹlẹbẹ yẹn ni ọgbọ́n dígí. Kò mọ irorẹ́, kò mọ èèwọ̀, àfi bí wọ́n bá fi ojú ẹnì kan hàn án pé báyìí ni irorẹ́ ṣe rí, kí wọ́n sì fi ojú ẹlòmíràn hàn án pé báyìí ni èèwọ̀ ara ṣe rí. Lẹ́yìn náà, á máa fi ojú gbogbo ayé wé méjèèjì. Àṣà àwọn tó ń dá dígí ni pé ojú ẹbí wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fi ojú ẹbí rẹ̀ dá dígí kò ní fi iṣẹ́ náà ṣeré.

Ọwọ́ ọ̀tún, Àwẹ̀ró fi àwòrán ojú ara rẹ̀ síbẹ̀, ti ìgbà tó wà lọ́mọdébìnrin, tí irorẹ́ kún iwájú orí rẹ̀. Ọwọ́ òsì, ó fi ojú Ìbíyẹ, àbúrò rẹ̀, síbẹ̀. Ìbíyẹ ló bí Málọmọ́, tí Àwẹ̀ró wá ń tọ́. Ọdún kọkànlá rèé tí àwọn oníṣègùn sọ pé ara Ìbíyẹ kọ ẹ̀kọ, tí ilẹ̀kùn ìta sì ṣí fún un.

Gbogbo ìgbà tí dígí náà bá ń jí, ojú Ìbíyẹ máa ń yọ fìrí kí iná tó tàn. Àwọn ọmọdé tó bá wà lórí ìlà máa ń kí i. "Ìyá inú dígí, ẹ kú ọ̀sán o." Àwẹ̀ró kì í sí lórí ìlà nígbà yẹn. Á ti wá iṣẹ́ ṣe níbòmíràn. Láti ọdún mọ́kànlá, bó bá fẹ́ nu pẹlẹbẹ òsì, abẹ́ aṣọ dúdú ló ń ti ọwọ́ bọ̀, á fi ìka nù ún láìwò ó.

Lónìí, ó ká aṣọ náà kúrò.

Ojú àbúrò rẹ̀ ń wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò dàgbà sí i. Àwẹ̀ró fẹ́ dá aṣọ náà padà. Ó rántí ohun tí Ìbíyẹ sọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ìta, pẹ̀lú ìgò omi lápá: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò mí dáadáa." Nígbà yẹn, omijé kò jẹ́ kó rí nǹkan kan.

Ó mú awò tí ó fi ń wo wáyà tín-ín-rín, ó sì wò ó dáadáa.

Lákọ̀ọ́kọ́, ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló rí: ojú pupa, ara tó lé kókókó. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Irorẹ́ mọ́kànlélógún. Kò fọ́n káàkiri. Mẹ́sàn-án tò lọ lójú ibi tí okùn ìbòmú ń gbà kọjá lẹ́rẹ̀kẹ́. Méje wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, márùn-ún wà lágbọ̀n lábẹ́ ìbòmú. Lórí imú fúnra rẹ̀, ìlà kan dá a bú, bíi ti aṣọ tí wọ́n ká títí tó fi mú ìlà. Kí ni í mú ìlà sórí imú èèyàn?

Málọmọ́ sín lórí bẹ́ǹṣì, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ti imú rẹ̀ sókè.

"Wá síbí," ni Àwẹ̀ró wí.

Ó gbé awò sí ojú ọmọ náà. Mẹ́tàdínlógún, lójú ọ̀nà okùn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ìlà náà sì wà lórí imú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fara hàn.

"Ṣé ó ń yún ọ?"

"Imú ló ń yún mi. Ojú náà kàn ń dùn mí ni, bí mo bá tẹ̀ ẹ́."

"Bó o bá jẹ ẹ̀kọ tán ńkọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní dígí kì í purọ́."

Ní ẹ̀yìn wọn, Láṣebìkan ń họ ọwọ́. Ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ó ń fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ti rí i. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú bí ibi tí ẹ̀fọn mẹ́wàá ti jẹ.

"Ọ̀gá, rọ́bà."

"Rọ́bà wo?"

"Rọ́bà ni èèwọ̀ ara yín. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn nínú ooru."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Ìyá Dígí, mo bẹ̀ yín. Mo ní ìyàwó."

"Ta ló fẹ́ gba ìyàwó yín? Oúnjẹ ni òfin sọ, kò sọ rọ́bà. Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín, mo fẹ́ yá a lò títí di ọ̀sán."

Ó mú báírò. Ó fà á yí gbogbo ibi tó wú lọ́wọ́ Láṣebìkan ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òrùka tirẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ náà sí ojú Málọmọ́, òrùka mẹ́tàdínlógún. Ó mú pẹlẹbẹ òfìfo méjì nínú àpótí rẹ̀, ó fi dígí ya ojú ọmọ náà sórí ọ̀kan, ó ya ọwọ́ Láṣebìkan sórí èkejì. Ó kọ aago sí etí wọn: mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wá ránṣẹ́ sí gbọ̀ngàn fún abọ́ ẹ̀kọ kan, ó ní kí Málọmọ́ jẹ ẹ́ níṣojú òun.

"Mo dà bí ẹkùn," ni Málọmọ́ wí nígbà tó rí ara rẹ̀ lára páànù ara ògiri.

"Èmi ńkọ́?" ni Láṣebìkan wí. "Olórí ẹnubodè tí wọ́n fi báírò kọlà fún!"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé aṣọ òfì náà bo ẹnu. Ó sín nígbà mẹ́ta léraléra.

Àwẹ̀ró gbé sípánà sílẹ̀. Ó mọ aṣọ yẹn. Ìyá òun ló ni ín, kó tó di ti Ìbíyẹ. Ìbíyẹ a máa fi bo orí sùn. Nígbà tó lọ, Málọmọ́ kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, òun náà sì ń fi bo orí sùn láti ìgbà náà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́ rí, nítorí òórùn ìyá rẹ̀. Eruku ọdún mélòó ló wà nínú rẹ̀?

"Fún mi."

"Ìyá, tìyá mi ni."

"Mo mọ̀. Màá dá a padà. Fún mi fún ìgbà díẹ̀."

Ó dì í sínú ọ̀rá, ó so ẹnu rẹ̀, ó gbé e lọ sí òdìkejì yàrá. Lẹ́yìn náà, ó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, ó ń nu wáyà, ó ń ka sísín. Láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, mẹ́fà. Láàárín mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, méjì. Lẹ́yìn náà, kò sí mọ́.

Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ tò lọ́kàn rẹ̀ bí wáyà inú dígí. Ara ọmọ náà kọ nǹkan kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku aṣọ ló kọ̀, kì í ṣe ẹ̀kọ. Eruku mú kí imú yún. Imú tó ń yún pe ọwọ́ wá. Ọwọ́ ń ti awọ ojú, okùn ìbòmú ń họ ọ́, òógùn àti ọ̀rá ara há sábẹ́ rẹ̀, irorẹ́ tí kì bá ti ju mẹ́ta lọ wá di mẹ́tàdínlógún. Èèwọ̀ ara kò bí irorẹ́. Ọwọ́ ló wà láàárín wọn. Dígí kò sì rí ọwọ́ rí. Ojú Ìbíyẹ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ojú irorẹ́ tí wọ́n sọ fún un pé èèwọ̀ ni, láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ló sì ti ń wá ojú yẹn kiri láàárín ìlú. Ta ni ojú rẹ̀ jọ ti Ìbíyẹ ju ọmọ tí Ìbíyẹ bí lọ?

Ó dìde, ó lọ sójú fèrèsé kékeré tó kọjú sí àfonífojì. Eruku pupa bo gbogbo ibẹ̀. Èèyàn mẹ́rìnlá ni dígí yìí ti rán lọ síbẹ̀, bí a bá ka Ìbíyẹ mọ́ wọn. Òun ló ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé.

Nígbà tó di aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, ó pe Láṣebìkan. "Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́."

Òrùka báírò wà níbẹ̀, gbogbo wọn, òfìfo. Ibi tó wú ti lọ sílẹ̀. Méjì tuntun ti yọ nítòsí ìgbọ̀nwọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò fà á sí. Ojú Málọmọ́ ńkọ́? Irorẹ́ mẹ́tàdínlógún jókòó sínú òrùka mẹ́tàdínlógún, abọ́ ẹ̀kọ tó jẹ kò sì fi ọ̀kan kún un.

"Ohun tí èèwọ̀ bá gbé wá sára, àlejò ni," ni Àwẹ̀ró wí. "Á dé, á ṣípò, á lọ. Irorẹ́, onílé ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni dígí wa ń wo èèyàn. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé?"

"Ẹ ṣe é kó máa wò lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo ti ṣe é. Òwúrọ̀ àti ọ̀sán, lẹ́yìn oúnjẹ díẹ̀ tí a fi tọ́ ọ wò. Bí nǹkan bá ṣípò, iná pupa. Bó bá jókòó, iná àwọ̀ ewé. Kò nílò ojú ẹnikẹ́ni mọ́."

Ó fa pẹlẹbẹ òsì yọ. Gíláàsì náà tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

Láṣebìkan ṣí ìwé, ó mú báírò, ó sì dúró. "Òfin ní kí n kọ ìdí tí ojú ìpìlẹ̀ fi kúrò." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màá kọ pé ó fọ́. Gíláàsì ń fọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ bẹ́ẹ̀."

Àwẹ̀ró wo gíláàsì ọwọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó fọ́, Málọmọ́ á jẹun, òun náà á jẹun, ìlú á sì ní dígí tó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn mẹ́rìnlá náà á ṣì jẹ́ aléèwọ̀. Dígí tó fọ́ kì í dá ẹjọ́ àná nù. Dígí tí wọ́n ṣì dá nìkan ni òfin lè torí ẹ̀ pe èèyàn padà. Ẹni tó ṣì dígí dá, ọ̀nà tí àwọn tó rán lọ gbà ni òun náà máa gbà, títí wọ́n á fi padà dé. Òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe òfin yẹn. Ó nawọ́ sókè pé ó dára.

"Ẹ kọ ọ́ pé olùdá dígí kò wò ó dáadáa."

"Ìyá Dígí."

"Ẹ kọ ọ́, ọ̀gá. Ọ̀sán ti tó."

Málọmọ́ ti gbọ́. Ó wá dúró níwájú rẹ̀, òrùka báírò kún ojú rẹ̀. "Èmi ni wọ́n sọ ní Málọmọ́," ni ó wí, "ẹ̀yin lẹ wá ń lọ."

"Mo ń lọ pè wọ́n ni. Ẹni tó lọ peni, ó ń padà bọ̀."

"Kò sẹ́ni tó padà bọ̀ rí."

"Kò sẹ́ni tó lọ pè wọ́n rí."

Ó dá nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà, bó ṣe tò wọ́n, ó sì kán òróró sí ẹ̀kẹfà kó má baà tún dípẹtà fún ẹni tó bá máa tẹ̀lé e.

Ìlà tò. Àwẹ̀ró kò wá iṣẹ́ ṣe níbòmíràn lọ́tẹ̀ yìí. Ó dúró síwájú dígí, ó sì tan bátìrì rẹ̀. Kò sí ojú kankan tó yọ. Ọmọdé kan fa aṣọ ìyá rẹ̀, ó ní, "Ìyá inú dígí dà?" Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra.

Láṣebìkan ló kọ́kọ́ na ọwọ́ síwájú rẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn. Iná pupa tàn. Ó fa ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó sì ní, "Rọ́bà ni. Mo ti ń jẹ ẹ̀kọ yín láti ogójì ọdún, kò pa mí." Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Málọmọ́ dúró. Dígí wò ó, ó fi wé ojú òwúrọ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Iná àwọ̀ ewé tàn.

Wọ́n fún un ní abọ́ rẹ̀. Kò jẹ ẹ́. Ó gbé e sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó lọ gbé aṣọ òfì tó wà nínú ọ̀rá, ó sì tọ Àwẹ̀ró lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ìta. Wọ́n ti fún un ní ohun tí wọ́n máa ń fún gbogbo wọn: ìbòmú tuntun kan, ìgò omi méjì. Láṣebìkan fi ìwé orúkọ mẹ́rìnlá kún un, ó sì ti lu òǹtẹ̀ ìpadàbọ̀ sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ bá mi mú un fún ìyá mi," ni Málọmọ́ wí. "Ẹ má tú ọ̀rá náà. Ẹ ní èmi ní kó sè é lómi gbígbóná kó tó fi bo orí."

"Òórùn rẹ̀ á lọ o."

"Bí òun bá padà dé, kí ni mo fẹ́ fi òórùn ṣe?"

Àwẹ̀ró fọwọ́ kan òrùka kan lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, ó sì jáde. Ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn rẹ̀. Pẹlẹbẹ gíláàsì ojú Ìbíyẹ wà láyà rẹ̀, ó ti ń móoru. Ó dúró lórí òkúta àkọ́kọ́, ó wo inú àfonífojì, ó sì ka èéfín tó ń rú láàárín eruku pupa. Mẹ́fà. Ó tún un kà láti ọwọ́ ọ̀tún. Mẹ́fà náà ni.

Ó fa ìbòmú bo imú, ó tún okùn rẹ̀ ṣe kó má baà ha ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi èéfín tó súnmọ́ ọn jù.